Fíìṣì àti Príìsì Gbọ́dọ̀ Bára Mu: Ẹ̀kọ́ Fún Àwọn Tó Ń Lo Ẹ̀rọ Ńlá

   Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú bíìkì rẹ̀ sọ́wọ́, nítorí ẹ̀kọ́ tòní ní nọ́ńbà díẹ̀ tí ó yẹ kí a kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ni, ìbáà jẹ́ iná SBEE tiwa níbí, ìbáà jẹ́ iná CEET ti Tógò. Kì í ṣe ti gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n la fẹ́ sọ. Ti ẹ̀rọ ńlá ni: ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo àti ògì, ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá, ẹ̀rọ tí àwọn sudọ́ọ̀ fi ń jó irin mọ́ irin, ẹ̀rọ tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń la pákó. Kí ìyá tó ń tajà má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun o. Ta ló ń gbé agbada ògì lọ sí ilé ẹ̀rọ? Ta ló ń fi ọwọ́ tútù kan ara ẹ̀rọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi? Ẹ̀yin ni, àwọn ọmọ yín ni.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Wọ́n ra ẹ̀rọ dé, orí okùn rẹ̀ kò wọ ẹnu iná tó wà lára ògiri. Àwọn kan á gé orí okùn náà sọnù, wọ́n á bó wáyà, wọ́n á ki wáyà ìhòòhò bọ inú ihò, wọ́n á fi igi ìṣáná há a mọ́ ibẹ̀. Àwọn mìíràn á ra ìsopọ̀ kékeré lọ́jà, wọ́n á fi so méjèèjì pọ̀. Àwọn ẹlòmíràn á gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára rẹ̀ kó lè wọlé. Wọ́n á tan iná, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wọ́n á ní, “Ṣé ẹ rí i, ó ń ṣiṣẹ́!”

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Pé ẹ̀rọ ń yí kò túmọ̀ sí pé ó dára. Ẹ̀rọ tí kò ní wáyà ilẹ̀ á yí. Ẹ̀rọ tí okùn rẹ̀ tín-ín-rín jù á yí. Yóò máa yí títí di ọjọ́ tí yóò pa ènìyàn, tàbí ọjọ́ tí yóò sun ilé. Tí fíìṣì kò bá wọ príìsì, ó ní ohun tó ń sọ fún wa. Ohun tó ń sọ yẹn la fẹ́ kọ́ lónìí.

1. Orúkọ àwọn nǹkan

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, fíìṣì ni orí okùn, èyí tó ní ẹsẹ̀ tí a fi ń kì í bọ inú ihò. Príìsì ni ẹnu iná tó wà lára ògiri. Àwọn ará wa tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ á pe fíìṣì ní pílọ́ọ̀gù, wọ́n á pe príìsì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun kan náà ni. Dísíjọ́ńtọ̀ ni ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù tàbí tí wáyà bá kanra.

Fọ́ọ̀tì ni agbára tí iná fi ń tì. Ẹ wo táńkì omi tí a gbé sórí òpó: bí táńkì bá ti ga tó ni omi ṣe máa ń tú jáde pẹ̀lú agbára tó. Fọ́ọ̀tì nìyẹn. Áńpẹ̀ ni ìwọ̀n omi tó ń kọjá nínú páìpù. Bí omi tí a fẹ́ bá pọ̀, páìpù gbọ́dọ̀ nípọn. Bí áńpẹ̀ bá pọ̀, wáyà gbọ́dọ̀ nípọn, fíìṣì náà gbọ́dọ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n páìpù tó kéré á kàn dá omi dúró díẹ̀ ni. Wáyà tó kéré ní tirẹ̀, gbígbóná ló máa ń gbóná títí yóò fi gbiná.

2. Ohun mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ bára mu

Kí ẹgbẹ́ kọ èyí sílẹ̀, nítorí òun ni orí ẹ̀kọ́ wa: fọ́ọ̀tì, áńpẹ̀, ilẹ̀.

Èkíní, fọ́ọ̀tì. Iná ilé wa jẹ́ fọ́ọ̀tì 220, ó ní fáàsì kan àti nọ́tìrì. Iná àwọn ẹ̀rọ ńlá lè jẹ́ fáàsì mẹ́ta, láàárín fáàsì kan sí èkejì sì jẹ́ fọ́ọ̀tì 380. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ fọ́ọ̀tì 220 sínú 380, yóò jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní iná fáàsì kan nílé kò sì lè fi ọgbọ́n pín in sí mẹ́ta. Lọ́dọ̀ SBEE tàbí CEET ni a ti ń bèèrè fún iná fáàsì mẹ́ta, pẹ̀lú kọ́ńtọ̀ tirẹ̀.

Ìkejì, áńpẹ̀. Áńpẹ̀ tí príìsì àti fíìṣì lè gbé kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí ẹ̀rọ ń fà.

Ìkẹta, ilẹ̀. Wáyà ilẹ̀ ni èyí tó so ara ẹ̀rọ mọ́ ọ̀pá irin tí a rì wọ inú ilẹ̀. Bí wáyà fáàsì bá bó nínú ẹ̀rọ tó sì kan ara irin, wáyà ilẹ̀ ni yóò gbé iná náà lọ, dísíjọ́ńtọ̀ yóò sì já a. Bí kò bá sí wáyà ilẹ̀, iná náà á dúró lára irin, á máa retí ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kàn án. Nílé ẹ̀rọ ògì, níbi tí ilẹ̀ ti ń rin gbìndìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà láìwọ bàtà, ẹni yẹn kì í pẹ́ dé.

3. Ẹ ka pílákì kí ẹ tó ra fíìṣì

Lára gbogbo ẹ̀rọ gidi, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kọ nǹkan sí. Pílákì ni. Ẹni tí kò mọ̀wé kó pe ọmọ ilé ìwé kó bá òun kà á. Ohun tí a ń wá níbẹ̀ nìyí:

V: fọ́ọ̀tì ni. Bí ó bá jẹ́ 220 tàbí 230, iná fáàsì kan ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ 380 tàbí 400, iná fáàsì mẹ́ta ni. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ 3 pẹ̀lú àmì kan tó rí bí ejò tó ń rìn. Fáàsì mẹ́ta lèyí náà.

A: áńpẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fà nìyẹn. Nọ́ńbà yìí la fi ń yan fíìṣì.

Hz: tiwa níbí jẹ́ 50. Nàìjíríà náà jẹ́ 50. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60, fọ́ọ̀tì ilé wọn sì jẹ́ 120. Ẹ̀rọ àlòkù tó ti ibẹ̀ wá kì í ṣe ohun tí a kàn ń pààrọ̀ fíìṣì rẹ̀ kí a tó tan án.

kW tàbí CV: agbára ẹ̀rọ ni. CV 1 jẹ́ wáàtì 736, nítorí náà CV 10 súnmọ́ kW 7.5.

Ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò fáàsì mẹ́ta tí wọ́n kọ 220/380 sí. Ìyẹn kò sọ pé kí a kì í bọ èyí tó wù wá o. Ọ̀nà méjì ni wáyà inú rẹ̀ ń gbà sopọ̀: ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní triangle, èkejì ni étoile. Fún iná fáàsì mẹ́ta tiwa tó jẹ́ 380, étoile ni mọ́tò yìí gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá fi í sí triangle, yóò jóná. Oníṣẹ́ iná ló ń ṣí àpótí rẹ̀ wò, kì í ṣe ẹni tó ń lọ ògì.

4. Àwọn fíìṣì tí a ń bá pàdé lọ́jà wa

Ti ilé, tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé: príìsì rẹ̀ ní ihò róbótó méjì, àti irin kékeré kan tó yọ síta. Irin yẹn ni ti ilẹ̀. Áńpẹ̀ 16 ló lè gbé mọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kW 3.5. Àwọn príìsì kan wà tó ní ihò méjì péré láìsí irin ilẹ̀. Ìyẹn kò yẹ fún ẹ̀rọ onírin kankan.

Ti Nàìjíríà: ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Áńpẹ̀ 13 ló mọ, fíúsì kékeré sì wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ọjà ń kọjá láàárín àwa àti wọn lójoojúmọ́, òun la sábà máa ń rí tí kò wọ príìsì wa. Fọ́ọ̀tì àwọn súnmọ́ tiwa, nítorí náà ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé orí rẹ̀, fíúsì náà lọ. Bí ẹ bá fi ìsopọ̀ kékeré kì í, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìsopọ̀ wọ̀nyẹn kò so wáyà ilẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta wọlé, méjì ló jáde. Ohun tó tọ́ ni pé kí oníṣẹ́ iná yọ fíìṣì náà, kó fi fíìṣì tiwa tó ní ilẹ̀ sí i, kó sì so wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbi tó yẹ.

Ti atẹlíyè ńlá: wọ́n rí róbótó, wọ́n nípọn, wọ́n ní ìdérí, àwọ̀ wọn sì ń sọ̀rọ̀. Àwọ̀ aró jẹ́ fún fọ́ọ̀tì 220, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Pupa jẹ́ fún 380 sí 400, ẹsẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọ̀ ìyeyè jẹ́ fún fọ́ọ̀tì 110. Irinṣẹ́ àlòkù tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sábà máa ń ní tàwọ̀ ìyeyè yìí. Bí ẹ bá gé e tí ẹ sì so ó mọ́ 220, ó ti tán. Wọ́n ń ṣe àwọn fíìṣì yìí ní áńpẹ̀ 16, 32, 63 àti 125. Ti 16 kò lè wọ ti 32, ti pupa kò lè wọ tàwọ̀ aró. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí àṣìṣe má baà ṣeé ṣe. Ẹsẹ̀ tó nípọn jù nínú wọn ni ti ilẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun ló ń jáde kẹ́yìn, kí ẹ̀rọ má baà wà láìní ilẹ̀ nígbà tí iná bá wà nínú rẹ̀.

5. Àwọ̀ wáyà lè tan ènìyàn jẹ

Níbí, àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìyeyè ni wáyà ilẹ̀, àwọ̀ aró ni nọ́tìrì, nígbà tí pupa, dúdú tàbí àwọ̀ kọfí jẹ́ fáàsì. Ṣùgbọ́n nínú àṣà àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣì ń lò nínú ọ̀pọ̀ ilé àti ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, pupa ni fáàsì, dúdú ni nọ́tìrì, àwọ̀ ewé ni ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fáàsì mẹ́ta, pupa, ìyeyè àti àwọ̀ aró ni fáàsì.

Ṣé ẹ rí wàhálà tó wà níbẹ̀? Dúdú tó jẹ́ fáàsì níbí, nọ́tìrì ni lọ́hùn-ún. Àwọ̀ aró tí ọmọ iṣẹ́ níbí á fọwọ́ mú nítorí ó rò pé nọ́tìrì ni, fáàsì lè ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀ nìkan so wáyà ẹ̀rọ tó kọjá ẹnubodè. Kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ ìwọ̀n wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

6. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ méjì

Ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo. Ká ní kW 5.5 wà lára pílákì rẹ̀, fáàsì mẹ́ta, fọ́ọ̀tì 380. Áńpẹ̀ tí yóò wà níbẹ̀ á tó nǹkan bí 12. Fíìṣì pupa áńpẹ̀ 16 tó fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kW 7.5, áńpẹ̀ rẹ̀ á súnmọ́ 16, ààyè kò sí mọ́. Kí ẹ lọ sí ti 32, pẹ̀lú wáyà tó bá a mu. Ẹ rántí pé nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po 5 sí 7 áńpẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dísíjọ́ńtọ̀ mọ́tò fi yàtọ̀ sí ti ilé. Bí ó bá ń já, ẹ má fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀ lásán. Ẹ wá ohun tó ń mú un já.

Bí ẹ̀rọ náà bá ń yí sẹ́yìn, fáàsì méjì ló ṣíra wọn. Oníṣẹ́ iná á já iná, á pààrọ̀ ipò méjì nínú mẹ́ta. Bí ó bá ń kùn láìyí, ó lè jẹ́ pé fáàsì kan ti lọ. Ẹ pa á kíá, nítorí mọ́tò tó ń jẹ fáàsì méjì kò ní pẹ́ tí yóò fi jóná.

Ẹ̀rọ sudọ́ọ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á rí “200 A” gàdàgbà lára ẹ̀rọ, ẹ̀rù á bà wọ́n. Nọ́ńbà yẹn jẹ́ ti iná tó ń jáde sí ẹnu ọ̀pá tí a fi ń jó irin, I2 ni wọ́n ń kọ sí i. Èyí tó ń wọlé láti ògiri ni I1. Ẹ wá I1max lára pílákì. Bí ó bá jẹ́ 32, ẹ̀rọ yẹn kò yẹ kó wà lára príìsì ilé áńpẹ̀ 16, àní bí fíìṣì tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ bá tiẹ̀ wọ ibẹ̀. Bí ó bá wọ ibẹ̀, irin kékeré nìkan ni a lè fi jó, pẹ̀lú iná tí a dín kù. Ẹni tó fẹ́ lo gbogbo agbára rẹ̀, príìsì àwọ̀ aró áńpẹ̀ 32 ni kó ní kí wọ́n ṣe fún òun, pẹ̀lú wáyà àti dísíjọ́ńtọ̀ tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ́ńtọ̀. Àwọn ẹ̀rọ sudọ́ọ̀ àtijọ́ tó wúwo sì ní ibi tí a ti ń yí i sí 220 tàbí 380. Ẹ wo ibi tó wà kí ẹ tó kì í, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e lọ sí ibòmíràn.

7. Wáyà tó wà lẹ́yìn príìsì

Fíìṣì tó dára lórí wáyà tí kò tó, ẹ̀tàn ni. Fún wáyà bàbà, ẹ kọ èyí sílẹ̀: mm² 1.5 fún áńpẹ̀ tí kò ju 16 lọ, mm² 2.5 fún 20. Mm² 4 fún 25. Mm² 6 fún 32. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ lo èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dísíjọ́ńtọ̀ kò gbọdọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé lọ, nítorí wáyà ló ń ṣọ́. Ẹ bẹ́ wáyà wò lọ́jà, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ alumíníọ̀mù nínú, tí wọ́n wulẹ̀ fi bàbà bò lójú.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: iná tí a fà láti kọ́ńtọ̀ aládùúgbò, tó ń gba orí igi àti orí páànù kọjá, èyí tí àwọn onífaransé ń pè ní toile d'araignée, ìyẹn òwú aláǹtakùn, kì í ṣe iná ẹ̀rọ ńlá. Kí iná tó dé ìdí ẹ̀rọ, fọ́ọ̀tì rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀. Mọ́tò á wá fa áńpẹ̀ púpọ̀ sí i, òun á jóná, wáyà náà á gbóná lórí ilé onílé.

8. Àwọn ìbéèrè tí a máa ń gbọ́

“Ṣé a kò lè fi wáyà kékeré so nọ́tìrì mọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀ nínú príìsì, nígbà tí a kò ní ọ̀pá ilẹ̀?” Rárá o! Bí nọ́tìrì bá já níbì kan, gbogbo ara ẹ̀rọ yóò di fáàsì. Kí oníṣẹ́ iná ri ọ̀pá ilẹ̀ gidi, mítà 1.5 sí 2 sínú ilẹ̀, kó sì wọ̀n ọ́n.

“Dísíjọ́ńtọ̀ wo ló ń ṣọ́ ènìyàn?” Èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára ni. Àwọn tó kù ń ṣọ́ wáyà àti ilé. Kí èyí wà ní gbogbo ilé ẹ̀rọ tí omi wà.

“Báwo la ṣe ń mọ̀ pé kò bára mu?” Fíìṣì ń gbóná sí ọwọ́, ó ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó, ó dúdú ní ìdí ẹsẹ̀, ó ń tanná pọ́ pọ́ pọ́, tàbí ara ẹ̀rọ ń ta ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan máa ń fi èyí tó kẹ́yìn yìí ṣeré, wọ́n á ní, “Ẹ̀rọ wa máa ń já ènìyàn jẹ díẹ̀.” Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ pa á lọ́jọ́ yẹn gan-an.

“Bí iná bá mú ẹnìkan ńkọ́?” Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ já iná níbi dísíjọ́ńtọ̀. Bí ibẹ̀ bá jìn, tó sì jẹ́ iná ilé fọ́ọ̀tì 220, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Bí wáyà orí òpó ńlá bá ni, ẹ sá sẹ́yìn, ẹ pe àwọn tó ni iná. Ẹ pe àwọn panápaná, nọ́ńbà 118. Bí ẹni náà kò bá mí, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láìdúró, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó bá tiẹ̀ dìde tó ní kò sí nǹkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí iná lè ba ọkàn jẹ́ láìhàn lójú.

9. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé ẹ̀rọ kan ní abúlé wọn, kí wọ́n kí onílé dáadáa, kí wọ́n sì bèèrè ohun mẹ́rin. Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan o, ojú ni kí wọ́n fi wò. Èkíní: níbo ni pílákì wà, áńpẹ̀ mélòó ló wà níbẹ̀? Ìkejì: áńpẹ̀ mélòó ni wọ́n kọ sára fíìṣì àti príìsì? Ìkẹta: ṣé wáyà ilẹ̀ wà, níbo ni ọ̀pá rẹ̀ wọlẹ̀ sí? Ìkẹrin: ta ló mọ ibi tí a ti ń já iná, ṣé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n?

Bí onílé bá ní owó kò sí láti tún un ṣe, ẹ jọ jókòó sọ ọ́. Ilé ẹ̀rọ kan ni gbogbo abúlé ń lò. Bí àwọn tó ń lọ ògì níbẹ̀ bá dá díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pá ilẹ̀ àti dísíjọ́ńtọ̀ 30 mA, ẹ̀mí ara wọn ni wọ́n rà. Ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun: fọ́ọ̀tì pẹ̀lú fọ́ọ̀tì, áńpẹ̀ pẹ̀lú áńpẹ̀, ilẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀. Bí fíìṣì bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ìdí rẹ̀.

 Kí Elédùmarè má jẹ́ ká rí ìjà iná.